Ìdọ́gba tí Iye tí a ń Wá Wà ní Ìsàlẹ̀ Ìdá: Àlàyé fún Olùkọ́ Ìṣirò

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí dá lórí bí a ṣe ń yanjú ìdọ́gba tí iye tí a ń wá wà ní ìsàlẹ̀ ìdá, irú bí 12/x = 3. Èrò wa ni pé ọ̀nà àbùjá tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ fi ń kọ́ni, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní kírọ́ọ̀sì, ń bo ohun méjì mọ́lẹ̀: ìdí tí ìgbésẹ̀ náà fi tọ̀nà, àti ìgbà tí kò tọ̀nà mọ́. A fi hàn pé àpètúnpè ọ̀rọ̀ òǹkà ní èdè Yorùbá lè ran olùkọ́ lọ́wọ́ láti ṣàlàyé ìgbésẹ̀ náà, a sì sọ ìdí tí ó fi yẹ kí a kọ iye tí x kò gbọdọ̀ jẹ́ sílẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

1.0 Ìfáàrà

Ní àkókò kan tí a lọ bẹ akẹ́kọ̀ọ́ wa kan wò lẹ́nu ìfikọ́ra iṣẹ́ olùkọ́, a jókòó sẹ́yìn kíláàsì, a ń wo bí ó ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìdọ́gba. Ó kọ 12/x = 3 sójú pátákó, ó sì ní kí wọ́n gbé x kọjá. Ọmọbìnrin kan nawọ́, ó béèrè pé: "Ẹ jọ̀wọ́ sà, kí ló dé tí ó fi lè kọjá?" Akẹ́kọ̀ọ́ wa rẹ́rìn-ín, ó ní: "Òfin ni. Bí ó bá wà nísàlẹ̀ níhìn-ín, òkè ló ń lọ lọ́hùn-ún." Ọmọ náà jókòó, ó kọ ohun tí wọ́n ní kí ó kọ, ìdáhùn rẹ̀ sì tọ̀nà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fún wọn ní 3/x + 1/2 = 5/x, ó ro òkè pọ̀ mọ́ òkè, ó ro ìsàlẹ̀ pọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, ó rí 4/(x + 2) = 5/x, ó gbé e kọjá gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí, x sì já sí −10. Kò sí ohun kan nínú ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà tí ó lè sọ fún un pé ó ti ṣìnà.

A kò dá akẹ́kọ̀ọ́ wa lẹ́bi. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ni ó ṣe ń kọ́ni, àwa náà sì ti fi ẹnu ara wa sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú iṣẹ́ yìí ni láti dáhùn ìbéèrè ọmọ náà. Kí ló dé tí x fi lè kúrò ní ìsàlẹ̀? Ìgbà wo ni ìgbésẹ̀ náà kì í ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé?

Ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970 lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, nínú èyí tí a ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, ti fi hàn pé èdè wa lè ru ẹrù àwọn ẹ̀kọ́ wọ̀nyí. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ètò náà dá lé. Ìdọ́gba irú èyí tí a ń sọ yìí di iléèwé gírámà. Nítorí náà, ibi tí àwọn aṣáájú wa dúró sí ni a ti fẹ́ gbé ẹsẹ̀ díẹ̀ síwájú.

2.0 Àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó lò

Ìdọ́gba ni gbólóhùn tí ó sọ pé ohun méjì jẹ́ iye kan náà; àmì = ló wà láàárín wọn. Ohun tó ṣáájú àmì náà ni a ó pè ní apá òsì, èyí tó tẹ̀lé e ni apá ọ̀tún. Nínú ìdá bí 3/4, 3 ni nọ́ńbà òkè, 4 ni nọ́ńbà ìsàlẹ̀. Ìlọ́po ni a ó lò fún ohun tí àwọn olùkọ́ mìíràn ń pè ní ìsọdipúpọ̀. Ìdí kan ni pé 'ìlọ́po mẹ́ta' ni ará ọjà ń sọ. Ìdí kejì ni pé bí a bá fi 1/2 ṣe é, ohun náà kì í di púpọ̀ rárá, ńṣe ló ń dín kù, orúkọ náà a sì di irọ́ lójú ọmọ tí ó bá ń ronú.

Àkíyèsí kan wà lórí bí Yorùbá ṣe ń dárúkọ ìdá. Nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ló ń fún ìdá lórúkọ: ìdámẹ́ta, ìdámẹ́rin, ìdámárùn-ún. Nọ́ńbà òkè wulẹ̀ ń sọ iye tí a mú nínú wọn ni. Bí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ bá wá di ohun tí a kò mọ̀, ìdá náà di aláìlórúkọ, ohun tí a lè ṣe kò ju kí a béèrè pé "ìdá mélòó?" lọ. Mélòó yìí gan-an ni x. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kí ẹ̀rù lẹ́tà kúrò lára àwọn ọmọ lè kọ 12/mélòó = 3 sójú pátákó fún ọjọ́ kan tàbí méjì kí ó tó fi x rọ́pò rẹ̀. Kì í ṣe àbùkù. Al-Khwarizmi, tí ó kọ ìwé rẹ̀ lórí áljẹ́bírà ní Baghdad ní nǹkan bí ọdún 820, kò lo lẹ́tà fún ohun tí ó ń wá. Ọ̀rọ̀ ni ó fi kọ gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, 'nǹkan' ni ó sì ń pe ohun náà. Ọdún 1557 ni Robert Recorde, ọmọ ilẹ̀ Wales, kọ́kọ́ fi àmì = sínú ìwé, x tí a sì ń lò lónìí wá láti inú ìwé tí René Descartes tẹ̀ jáde ní ọdún 1637.

Orúkọ áljẹ́bírà fúnra rẹ̀ jáde láti inú àkọlé ìwé al-Khwarizmi. Al-jabr ní èdè Lárúbáwá ni dídá ohun tó fọ́ padà sípò. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò fún títo egungun tó ṣẹ́. Orúkọ tí èdè náà sì fún ìdá ni kasr, ìyẹn ohun tó ṣẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí wọ́n lọ ilé-kéwú lè ti gbọ́ ọ̀rọ̀ méjèèjì rí láìmọ̀ pé wọ́n kan ìṣirò. Bí a bá ń mú ìdá kúrò nínú ìdọ́gba kí odidi lè kù síbẹ̀, iṣẹ́ ẹni tó ń to egungun ni a ń ṣe, ẹni tó ń to egungun kì í sì í fi ipá fà á kọjá.

3.0 Ohun tí àpètúnpè ń kọ́ wa

Ẹ jẹ́ kí á padà sí ìdọ́gba ojú pátákó yẹn, kí á sì sọ ọ́ bí Yorùbá yóò ṣe sọ ọ́. Ìyá kan pín ọsàn méjìlá fún àwọn ọmọ kan. Mẹ́ta mẹ́ta ló kan ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ mélòó ni wọ́n? Ọmọ tí kò gbọ́ orúkọ áljẹ́bírà rí yóò dáhùn pé mẹ́rin ni wọ́n. Bí a bá bi í bí ó ṣe mọ̀, yóò ka ìka rẹ̀: mẹ́ta, mẹ́ta, mẹ́ta, mẹ́ta, ó di méjìlá. Kí ni ọmọ yìí ṣe? Ó ti kúrò lórí pípín, ó ti bọ́ sórí ìlọ́po. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé ìlọ́po x ti 3 jẹ́ 12. 'Mẹ́ta mẹ́ta' ló gbé e débẹ̀, nítorí pé irú àpètúnpè bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹwà èdè lásán. Ó ń sọ fún wa pé iye náà ń padà wá fún olúkúlùkù ẹni tó wà níbẹ̀. Bí ẹni x bá wà níbẹ̀, ìgbà x ni mẹ́ta yóò wáyé.

Bí a bá kọ ohun tí ọmọ náà ṣe sílẹ̀ ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀, bí yóò ṣe rí nìyí:

(1a) 12/x = 3
(1b) x × 12/x = x × 3
(1c) 12 = 3x
(1d) x = 4

Ìgbésẹ̀ (1b) ni olórí. Apá méjèèjì ni a sọ di ìlọ́po x. Ìdọ́gba dà bí òṣùwọ̀n alápá méjì: ohun tí a bá ṣe sí apá kan ni a gbọ́dọ̀ ṣe sí ìkejì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ní apá òsì, ìlọ́po x àti pípín sí ọ̀nà x pa ara wọn rẹ́, 12 nìkan ló ṣẹ́kù. Ní apá ọ̀tún, 3 di 3x. Kò sí ohun tó gbéra láti ibì kan lọ sí ibòmíràn. x ti ìsàlẹ̀ parẹ́ síbi tí ó wà; x ti apá ọ̀tún jẹ́ tuntun tí àwa fúnra wa mú wá. Ohun tó jọ pé x rìn kọjá lójú wa, àbájáde (1b) ni. Olùkọ́ tí ó bá fò ó kọjá ti yọ ẹ̀rí kúrò nínú ẹjọ́, ó fi ìdájọ́ nìkan sílẹ̀ fún ọmọ.

Àkọsílẹ̀ yìí ni ìdáhùn sí ìdajì ìbéèrè ọmọbìnrin náà. Ìdajì kejì le jù ú lọ.

4.0 Òdo ní ìsàlẹ̀

Nínú (1b), a sọ apá méjèèjì di ìlọ́po x nígbà tí a kò tíì mọ iye tí x jẹ́. Ṣé ó tọ́ kí á ṣe bẹ́ẹ̀? Ó tọ́, bí x kò bá ti jẹ́ òdo.

Pípín ọsàn méjìlá fún ọmọ mẹ́rin yé ni. Fún ọmọ kan ṣoṣo, ó yé ni: òun ni yóò kó gbogbo rẹ̀. Bí kò bá wá sí ọmọ kankan níbẹ̀ ńkọ́, mélòó mélòó ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan? Ìbéèrè yìí kò ní ìdáhùn, nítorí pé kò sí 'ẹnì kọ̀ọ̀kan' tí à ń béèrè nípa rẹ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa a máa sọ pé 12/0 jẹ́ 0, "torí pé kò sẹ́ni tó gbà á". Ọ̀nà tí a lè fi là wọ́n lóye ni kí á padà sí ìlọ́po, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tó ń ka ìka ti ṣe. Bí 12/0 bá jẹ́ 0, a jẹ́ pé 0 × 0 gbọ́dọ̀ fún wa ní 12. Kò lè rí bẹ́ẹ̀ láé. Bí a bá tilẹ̀ fi nọ́ńbà mìíràn dípò, 0 × 7 tàbí 0 × 1000, òdo náà ni yóò máa jẹ́. Kò sí nọ́ńbà kan tí ìlọ́po òdo rẹ̀ jẹ́ 12.

Ẹnì kan lè béèrè nípa 0/0. Brahmagupta, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Íńdíà, sọ nínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 628 pé òdo ni ó jẹ́, ìlọ́po kò sì ta kò ó, nítorí pé 0 × 0 = 0. Àmọ́ 0 × 5 náà jẹ́ 0, bẹ́ẹ̀ ni 0 × 1000. Gbogbo nọ́ńbà ló lè jẹ́ ìdáhùn, ìbéèrè tí gbogbo nọ́ńbà bá sì lè dáhùn kò ní ìdáhùn kan pàtó. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe bínú sí ara rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ òdo bá rú u lójú. Ó ti rú àwọn àgbà ìmọ̀ lójú ṣáájú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì mọ sínú ìwé. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1997, ọkọ̀ ojú omi ogun Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ USS Yorktown dúró gbagidi lórí omi, nítorí pé òdo kan wọ inú àkọsílẹ̀ kọ̀ǹpútà rẹ̀, kọ̀ǹpútà náà sì gbìyànjú láti fi òdo yẹn pín nọ́ńbà mìíràn. Agbára tó ń wa ọkọ̀ náà kú fún wákàtí mélòó kan. Ẹni tí ó kọ ètò kọ̀ǹpútà náà mọ bí a ṣe ń pín nọ́ńbà. Kò kàn kọ ìlà kan tí yóò kìlọ̀ pé nọ́ńbà ìsàlẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ òdo ni.

Ìdí nìyí tí a fi ń dábàá pé kí ìlà àkọ́kọ́ nínú irú iṣẹ́ yìí máa jẹ́ ìlà ìkìlọ̀. Nínú (1a), ìlà náà ni x ≠ 0. Bí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ bá jẹ́ x − 2, ìlà náà ni x ≠ 2; bí ó bá jẹ́ x + 4, x ≠ −4. Kí olùkọ́ má jẹ́ kí ọmọ kọ x ≠ 0 ní gbogbo ìgbà bí ẹni ń ka àkọ́sórí. Gbogbo ohun tó wà ní ìsàlẹ̀ pátá ni kò gbọdọ̀ jẹ́ òdo.

5.0 Ibi tí kírọ́ọ̀sì ti wúlò àti ibi tí kò ti wúlò

A kò sọ pé kí olùkọ́ sọ kírọ́ọ̀sì nù. Bí ọmọ bá ti mọ ojú ọ̀nà tí ọ̀nà àbùjá gbé e gbà, kò sí ewu níbẹ̀. Ẹ wo èyí:

(2) 6/(x − 1) = 4/(x − 3), x ≠ 1, x ≠ 3

Bí a bá sọ apá méjèèjì di ìlọ́po (x − 1)(x − 3), x − 1 yóò pa ara rẹ̀ rẹ́ ní apá òsì, x − 3 yóò pa ara rẹ̀ rẹ́ ní apá ọ̀tún. Ohun tó kù ni:

6(x − 3) = 4(x − 1)
6x − 18 = 4x − 4
2x = 14
x = 7

Bí a bá dá 7 padà sínú (2), 6/6 ni apá òsì, 4/4 sì ni apá ọ̀tún; wọ́n dọ́gba. Ẹni tí ó bá ya kírọ́ọ̀sì yóò dé ìlà kan náà, nítorí pé kírọ́ọ̀sì kò ju orúkọ ìnagijẹ fún ìlọ́po méjèèjì tí a ṣe lẹ́ẹ̀kan náà lọ. Ṣùgbọ́n ó ní ààyè tirẹ̀: ìdá kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ wà ní apá òsì, ìdá kan ṣoṣo ní apá ọ̀tún. Bí ìdá méjì bá wà ní apá kan, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ wọ́n di ẹyọ kan, tàbí kí á fi kírọ́ọ̀sì sílẹ̀ pátápátá. Ibí yìí ni ọmọbìnrin inú ìtàn wa ti ṣubú. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyí, bí ó ti yẹ kó rí:

(3) 3/x + 1/2 = 5/x, x ≠ 0

Ohun tó kéré jù tí x àti 2 lè pín láìṣẹ́kù ni 2x. Ìlọ́po 2x ni a ó sọ gbogbo ẹyọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dà. 3/x di 6, 1/2 di x, 5/x di 10. Nítorí náà 6 + x = 10, x sì jẹ́ 4. Ẹ̀rí rẹ̀ kò ṣòro: 3/4 pẹ̀lú 2/4 jẹ́ 5/4. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbí ni pé ọmọ yóò sọ àwọn ìdá tó ní x di ìlọ́po, yóò sì gbàgbé 1/2 nítorí pé kò rí x lára rẹ̀. Kí a rán an létí òṣùwọ̀n: bí a bá sọ ẹrù inú apá kan di ìlọ́po, kò sí èyí tí a lè fi sílẹ̀ nínú ẹrù náà.

Àṣìṣe kejì burú ju ìyẹn lọ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ náà sì máa ń ṣe é. Ká ní Àlàdé lè ro oko kan tán ní ọjọ́ mẹ́ta, tí Àkànní lè ro ó tán ní ọjọ́ mẹ́fà. Bí wọ́n bá jọ ro ó, ọjọ́ mélòó ni wọn yóò lò? Ní ọjọ́ kan, Àlàdé ń ro ìdámẹ́ta oko, Àkànní ń ro ìdámẹ́fà rẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá lo ọjọ́ x, a jẹ́ pé ìdá x ni wọ́n jọ ń ro lójoojúmọ́:

(4) 1/x = 1/3 + 1/6, x ≠ 0

Ọ̀pọ̀ yóò dojú ìdá kọ̀ọ̀kan dé, wọn yóò kọ x = 3 + 6, wọn yóò sì rí 9. Ọjọ́ mẹ́sàn-án! Àlàdé nìkan ì bá lo ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí Àkànní wá ràn án lọ́wọ́, ó di mẹ́sàn-án. A jẹ́ pé iṣẹ́ kọ́ ni Àkànní bá wá. Bí a bá sọ gbogbo rẹ̀ di ìlọ́po 6x, 6 = 2x + x ni a ó rí, x = 2. A lè dojú apá òsì dé lápapọ̀ kí á sì dojú apá ọ̀tún dé lápapọ̀, lẹ́yìn tí apá ọ̀tún bá ti di ìdá kan ṣoṣo, ìyẹn 1/2. A kò lè dojú àwọn tí a ń rò pọ̀ dé lọ́kọ̀ọ̀kan. Irú ìbéèrè oníṣẹ́ oko yìí dára púpọ̀ nínú kíláàsì, nítorí pé ìdáhùn tí kò tọ́ a máa pa àwọn ọmọ lẹ́rìn-ín kí olùkọ́ tó sọ ohunkóhun.

6.0 Ìdáhùn tí kì í ṣe ìdáhùn

Títí dé ibí yìí, ìlà ìkìlọ̀ tí a ń kọ kò tíì ṣe iṣẹ́ kankan. Ọmọ lè máa rò pé olùkọ́ ń dá òun lágara ni. Ẹ wo èyí:

(5) x/(x − 3) = 3/(x − 3) + 2, x ≠ 3

Ìlọ́po x − 3 fún apá méjèèjì:

x = 3 + 2(x − 3)
x = 3 + 2x − 6
x = 2x − 3
x = 3

Kò sí àṣìṣe kankan nínú ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ̀nyí. Síbẹ̀, bí a bá dá 3 padà sínú (5), 3/0 ló dé bá wa. x = 3 kì í ṣe ìdáhùn. Ìdọ́gba yìí kò ní ìdáhùn rárá, ohun tó sì yẹ kí ọmọ kọ nìyẹn. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ìgbésẹ̀ ìlọ́po jẹ́ ọ̀nà tí a lè gbà lọ, ṣùgbọ́n tí a kì í lè gbà padà nígbà mìíràn. Bí ohun méjì bá dọ́gba, ìlọ́po wọn yóò dọ́gba. Ṣùgbọ́n bí ìlọ́po bá dọ́gba, ohun méjèèjì lè má dọ́gba, bí ó bá jẹ́ pé òdo ni a fi ṣe ìlọ́po náà. 5 kò dọ́gba pẹ̀lú 8. Sọ méjèèjì di ìlọ́po òdo: 0 = 0. Irọ́ ti di òótọ́. Nínú (5), x − 3 ni a fi ṣe ìlọ́po, ìgbà tí x bá sì jẹ́ 3 gan-an ni x − 3 ń di òdo. Nígbà tí a ṣe ìlọ́po náà ni a ṣí ìlẹ̀kùn fún 3 láti wọlé.

Nígbà mìíràn, àlejò àìpè yìí máa ń bá onílé wọlé:

(6) x²/(x − 2) = 4/(x − 2), x ≠ 2

Ìlọ́po x − 2 fún wa ní x² = 4, nítorí náà x jẹ́ 2 tàbí −2. Ìlà ìkìlọ̀ lé 2 jáde. −2 dúró: apá òsì jẹ́ 4/(−4), apá ọ̀tún náà jẹ́ 4/(−4). Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ ìdáhùn méjèèjì ti ṣe àṣìṣe, ẹni tí ó sì sọ pé kò sí ìdáhùn nítorí pé ó rántí (5) ti ṣe àṣìṣe pẹ̀lú.

Èrò tiwa ni pé ó yẹ kí olùkọ́ máa fún ìlà ìkìlọ̀ àti ìdápadà ìdáhùn sínú ìdọ́gba ní máàkì tiwọn nígbà tí ó bá ń yẹ iṣẹ́ wò. Ohun tí a kò fún ní máàkì, ọmọ kì í kà á sí iṣẹ́. A mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé àsìkò kò sí, kíláàsì kún, ìdánwò sì ti sún mọ́lé. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ìlà kan péré ni, iṣẹ́jú tí ó ń gbà kò tó èyí tí a fi ń tún àṣìṣe rẹ̀ ṣe ní kíláàsì tó ga jù ú lọ.

7.0 Ìdí méjì tí a fi ń kọ ìdáhùn

Ó yẹ kí á fi ìyàtọ̀ sáàárín ìdáhùn tí ìdọ́gba kọ̀ àti èyí tí ìtàn inú ìbéèrè kọ̀. Awakọ̀ kan rin ìrìn kìlómítà 120. Nígbà tí ó ń padà bọ̀, ó fi kìlómítà 20 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan kún eré rẹ̀, wákàtí kan sì dín nínú àkókò tí ó lò. Báwo ni eré rẹ̀ ṣe tó nígbà tí ó ń lọ? Bí v bá dúró fún eré náà:

(7) 120/v − 120/(v + 20) = 1, v ≠ 0, v ≠ −20

Ìlọ́po v(v + 20) fún wa ní 120(v + 20) − 120v = v(v + 20), èyí tó já sí v² + 20v − 2400 = 0. Bí a bá tú u, (v − 40)(v + 60) = 0; v jẹ́ 40 tàbí −60. Wákàtí mẹ́ta ni awakọ̀ wa fi lọ, wákàtí méjì ni ó fi bọ̀. Kí ni kí á ṣe sí −60? Ìlà ìkìlọ̀ kò lé e jáde. Bí a bá dá a padà sínú (7), −2 − (−3) = 1; ó tẹ́ ìdọ́gba lọ́rùn pátápátá. Mọ́tò ni kò lè fi eré tí kò tó òdo rìn ìrìn yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ "−60 kò tọ̀nà" láìsọ ìdí rẹ̀ kò tíì parí iṣẹ́. Kí ó kọ ọ́ pé ó tẹ́ ìdọ́gba lọ́rùn, ṣùgbọ́n kò bá ìrìn tí a ń sọ mu.

8.0 Nígbà tí ìkìlọ̀ bá di ìmọ̀

Àwọn tó ń kọ́ físíìsì mọ fọ́múlà lẹ́ńsì tí ó tẹ̀ síta lójú méjèèjì, irú èyí tí àwọn àgbà fi ń ka ìwé:

(8) 1/f = 1/u + 1/v

u ni jíjìn ohun tí à ń wò sí lẹ́ńsì, v ni jíjìn àwòrán rẹ̀, f sì ni jíjìn láti lẹ́ńsì sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ tó ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ ti ń pàdé. Ká ní v ni à ń wá. Ìlọ́po fuv sọ (8) di uv = fv + fu. A ó kó àwọn tó ní v jọ sí apá kan: v(u − f) = fu. Nígbà náà,

(9) v = fu/(u − f), u ≠ f

Bí f bá jẹ́ 10 sẹ̀ǹtímítà, tí u jẹ́ 15, v jẹ́ 150/5, ìyẹn 30. Bí a bá sún ohun náà sí 12, v di 60. Ní 11, ó di 110. Ní 10.1, ó di 1010, ó ti lé ní mítà mẹ́wàá. Ní 10 gan-an, ìlà ìkìlọ̀ ní kí á dúró, nítorí pé 100/0 ni à bá kọ.

Olùkọ́ lè fi èyí hàn nínú yàrá tí kò mọ́lẹ̀ púpọ̀, pẹ̀lú àbẹ́là, ìwé funfun kan àti lẹ́ńsì ẹyọ kan. Kí ó gbé àbẹ́là sí ọ̀ọ́kán, kí ó wá ibi tí àwòrán iná náà ti hàn ketekete lórí ìwé. Kí ó máa sún àbẹ́là mọ́ lẹ́ńsì díẹ̀díẹ̀, kí ọmọ kan sì máa gbé ìwé náà sẹ́yìn láti wá àwòrán rẹ̀. Ọmọ náà yóò máa fi ẹ̀yìn rìn títí yóò fi kan ògiri. Ìgbà tí àbẹ́là bá dé ibi tí u ti dọ́gba pẹ̀lú f, kò ní sí ibi tí yóò gbé ìwé sí tí àwòrán yóò fi hàn níbẹ̀, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde láti inú lẹ́ńsì ń lọ ní títọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọn kì í sì í pàdé. Ní àkókò yẹn ni kí olùkọ́ tọ́ka sí u ≠ f tó wà lójú pátákó.